Orúkọ Ẹni tí Ó Wọ Àyà Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin ará Ìràwé, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ẹni tí iṣu bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e mì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ kí ẹnu ẹnikẹ́ni dí nígbà tí ó bá yẹ kí ó ké háà. Ẹni tí kò bá sì gbà mí gbọ́, kí ó wo ìbọn mi lára ògiri yẹn. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bí ó ti wọ́. Ọwọ́ ènìyàn kọ́ ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́jọbí, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún kí ewú kan ṣoṣo tó hù lórí mi. Lápàdé ọ̀rẹ́ mi, mo gbọ́ ohun tí o ń kùn lábẹ́ ahọ́n yẹn. O ní mẹ́rin ni. Ṣé ìwọ ni o bá mi kà á? Ẹni tí ẹfọ̀n lé gun igi, tí ó fi ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ fún un nísàlẹ̀, kì í bá ọdẹ ka ẹran.

Ọpẹ́ ni mo pè yín sí lónìí. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Aya mi Àwẹ̀ró nìyí, ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó iṣu, ó sì ń wò mí bí ẹni tí ó mọ ibi tí irọ́ mi yóò gbà wọlé. Ẹ̀yin náà rí i ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí aṣọ rẹ̀ ń tóbi sí i lára lójoojúmọ́, tí àwọn tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ronú ohun tí ẹ ó wí fún mi níbi ìsìnkú.

Nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, a pè é ní ikọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, ikọ́ kò lọ. Mo mú Àwẹ̀ró lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà kò ga, ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí o jókòó, o ó jókòó. Ó ní kí Àwẹ̀ró wúkọ́, kí ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan. Ó fi aró pupa kùn ún, ó fi omi kíkan fọ̀ ọ́, ó sì gbé ojú lé awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá.

Ó ní, "Baba, mo rí wọn. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pupa, omi kíkan kò sì bó aró náà lára wọn. Ó jọ ikọ́ ife."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní ó jọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ọdẹ ni. Ẹ sì mọ àṣà àwa ọdẹ Ìràwé: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ ẹran ni yóò pe orúkọ rẹ̀, bí ó bá sì ti pè é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà títí ẹran yóò fi kú. Mo ní, "Ó jọ kọ́, ọmọ mi. Òun ni."

"Baba, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀, torí pé..."

"Òun ni, mo wí!"

Kí ni ọmọ náà yóò tún ṣe? Kò ní ohun èlò mìíràn tí yóò fi wádìí. Ó fún wa ní oògùn ikọ́ ife tí a ó lò fún oṣù mẹ́fà. Ó ní kí Àwẹ̀ró máa dá wà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí oògùn yóò fi ràn án. Èmi padà sílé, mo kọ́ ahéré kan sẹ́yìnkùlé, mo kó abọ́ tirẹ̀, ife tirẹ̀ àti ẹní tirẹ̀ sínú rẹ̀. Mo wá dúró láàárín agbo ilé, mo sì kéde lójú gbogbo yín pé ẹnu ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ohun tí ẹnu Àwẹ̀ró bá ti kàn. Ẹ mọ igbá ńlá tó wà lórí ìkòkò omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, èyí tí ìyá mi fi sílẹ̀. Ọmọ ilé, àlejò, alágbàṣe, igbá yẹn ni gbogbo wa fi ń mu omi. Àwẹ̀ró nìkan ni mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èmi sọ ọ́ di ohun tó lé ní ọdún kan, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Oògùn oṣù mẹ́fà tán, ikọ́ kò tán. A tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ti oṣù mẹ́jọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró ń gbé e mì láì pa ọjọ́ kan jẹ, etí rẹ̀ ń hó, ojú rẹ̀ ń pọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì wá ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kan Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde kíákíá.

Ó ní, "Baba, orúkọ la fi ń yan oògùn. Bí orúkọ bá ṣì, oògùn á ṣì. Mo rò pé a ò mọ ẹni tó wà láyà Màmá. Ẹ gba ìgò yìí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ti àná ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Ìlú Àwòfín, níbi tí wọ́n ti ń mọ ohun alààyè láti inú rẹ̀ wá. Ẹ má jẹ́ kí ooru mú un, ẹ má sì ṣí i."

Mo wé ìgò náà sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, mo gbé e sínú àpò ọdẹ mi, mo sì gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwẹ̀ró jáde sí ẹnu ọ̀nà ahéré rẹ̀. Ó di òpó mú kí ó má baà ṣubú.

Ó ní, "Baba Ọdẹ́lọlá, bí ẹ bá ti rí orúkọ rẹ̀, ẹ tètè dé o. Mo fẹ́ fi igbá ilé mumi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú."

Èmi tí ẹnu mi kì í dí, mo kàn yíjú sí ọ̀nà ni.

Bí a bá ti kúrò ní oko àwọn Ajílété, Igbó Ooru ló kù. Ewé kò tutù níbẹ̀, ẹyẹ ibẹ̀ a máa yé ẹyin sísè. Mo ń rìn, mo ń bomi rin ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lára ìgò, àfi bí mo ṣe rí iwin kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà. Ẹ má sá o, ó jìnnà síbí. Orí rẹ̀ jẹ́ ààrò. Okúta mẹ́ta dúró lórí rẹ̀, iná ń jó láàárín wọn, ìkòkò kan ń hó lórí iná, òun fúnra rẹ̀ sì ń na ọwọ́ sókè ro ohun tó wà nínú ìkòkò náà. Aláàrò-Lórí ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ, mo gbóòórùn ohun tútù. Gbé e sínú ìkòkò mi."

Mo rántí ẹni tí mo jẹ́. Mo yin ìbọn. Ẹ̀yin ènìyàn, ọta jáde lẹ́nu ìbọn, ó dé iwájú orí iwin yìí, ó yọ́, ó sì ń kán tó, tó, tó sílẹ̀ bí epo. Aláàrò-Lórí fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Nígbà náà ni mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún... ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìgbésí ayé aya mi ló wà nínú ìgò yẹn.

Iwin ní, "N ó pàlọ́ kan fún ọ. Ó wọ ilé láì kan ilẹ̀kùn. Ó ń jẹun nínú ilé láì fọwọ́. Onílé ń nà án lójoojúmọ́, ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni ẹgba ń bà. Kí ni?"

Mo ní, "Olè ni."

"Olè kì í pẹ́ nílé onílé."

"Àna ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sílẹ̀ láti inú ìkòkò orí rẹ̀. Ó ní, "O kò mọ̀ ọ́n. Fi ohun kan dógò lọ́dọ̀ mi. Bí o bá mọ̀ ọ́n nígbà tí o bá ń bọ̀, gba ohun rẹ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, orí rẹ ni n ó sè." Ìbọn mi ni mo fi sílẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe ọdẹ kò lè mọ bí èjìká ṣe ń fúyẹ́ lọ́nà tí kò dára.

Lẹ́yìn igbó yẹn ni mo dé Ìlú Aláṣọ-Pupa. Ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọmọdé, aṣọ pupa kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n sì fi ìda oyin kùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí òjò ń rọ̀ tí ara wọn ń gbẹ. Mo rí obìnrin kan tó ń fi omi òroǹbó kíkan fọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, pupa náà kò ṣí. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní háà, ọwọ́ mi tẹ̀ wọ́n! Mo kígbe láàárín ọjà pé, "Ife tó ni ikọ́ ife dà?" Gbogbo wọn nawọ́ sí ilé kan ní ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n sì nà án kíákíá, bí ará ilé ṣe máa ń nawọ́ sí ọmọ tí í jalè.

Bàbá arúgbó kan ni mo bá níbẹ̀, ó rù, ojú rẹ̀ le. Mo gbá a lọ́rùn mú. Mo ní, "Jáde láyà aya mi!"

Ó ní, "Ọdẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún ọ. Apànìyàn ni mí. Àwọn tí mo ti pa kò lóǹkà, n kò sì sẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò dé ilé tìrẹ rí."

"Irọ́ ni!"

"Oògùn oṣù mẹ́fà yẹn, èmi ni wọ́n pò ó fún. Ká ní èmi ni, o ò bá ti sin mí tipẹ́. O ń sọ òkò lu ẹ̀yìnkùlé mi, olè sì ń jẹun lọ nínú yàrá rẹ."

Ọwọ́ mi rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n wo ìta. Ó ní, "Ẹbí mi ni gbogbo èyí tí o ń wò yìí, wọ́n lé ní igba. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, inú omi àti inú erùpẹ̀ ni wọ́n ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà àfi ẹni tí àyà rẹ̀ bá ti rẹ̀. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa ń wọ̀, o kò lè fi aṣọ mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, tí a sín sórí okùn gígùn kan. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè pààrọ̀ tirẹ̀. Àwọn ará Àwòfín mọ̀ ọ́n kà. Máa lọ, kí o sì fi orúkọ mi sílẹ̀ níbi tí n kò ti dẹ́ṣẹ̀."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ apànìyàn.

Odò kan ló kù kí n dé Àwòfín. Mo ti wọ̀ ọ́ dé orúnkún nígbà tí ohùn kékeré kan sọ̀rọ̀ nínú àpò mi. Ìgò ni! Ó ní, "Ọdẹ rere, òùngbẹ ń gbẹ mí. Dà mí sínú omi yìí díẹ̀."

Mo ní, "Ta ni ọ́?"

"Èmi ni Òtútù-Lásán. Mo kàn yà kí aya rẹ ni. Mo fẹ́ràn omi, n kò fẹ́ràn ìjà. Dà mí sínú omi, n ó gba ilé lọ, ara rẹ̀ yóò sì yá kí o tó dé."

Ẹ̀yin ará mi, ó rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Ọwọ́ mi ti wà lórí ìdérí. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹni tí mo pe orúkọ rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n ló sọ mí di ẹni tí ń wọ́dò láìní ìbọn. Mo ní, "Dúró kí ẹni tó mọ̀ ọ́ dárúkọ rẹ." Mo gbé ìgò náà lé orí, mo sì la odò kọjá. Ó ń bú mi títí mo fi gúnlẹ̀.

Ní Àwòfín, kò sí ẹni tí ń pariwo. Ìyá Atúlẹ̀kẹ̀ ni olórí wọn, arúgbó tó wọ aṣọ funfun, tí ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀meje kí ó tó gba ìgò lọ́wọ́ mi. Mo kí i, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oríkì ara mi. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ti ẹni tó wà nínú ìgò la fẹ́ gbọ́."

Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́kọ́ lọ aṣọ ìda tó wà lára ẹni inú ìgò náà títí ó fi ya, nítorí ó le. Wọ́n fa okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan jáde nínú rẹ̀, ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí i rárá, èmi tí mo ń rí ojú ọ̀kẹ́rẹ́ nínú ewé. Wọ́n mú ibì kan lára okùn náà, wọ́n gbé e sínú ìkòkò kékeré kan tí í gbóná, tí í tutù, tí í tún gbóná. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbóná tí ó sì tutù, okùn kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Mo ní n ó bá wọn kà á. Nígbà kẹwàá, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún, mo sì dákẹ́. Ọgbọ̀n ìgbà ni wọ́n ṣe é. Ohun tí ojú kò rí wá pọ̀ tó ohun tí a lè kà.

Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin péré ló wà lórí okùn yẹn: funfun, dúdú, pupa, àti aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni ọ̀rọ̀ wà. Ògiri ilé náà sì kún fún okùn gbogbo ẹbí aláṣọ-pupa tí wọ́n ti mọ̀ rí, orúkọ oníkálukú wà lábẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ń pe ìlẹ̀kẹ̀, "Pupa, pupa, dúdú, funfun, ewé," Ìyá Atúlẹ̀kẹ̀ sì ń fi ìka tọ ti ara ògiri. Okùn Ife ló kọ́kọ́ fi wé e. Wọ́n pe ogún, ó bá a mu. Wọ́n pe ogójì, ó bá a mu.

Mo fò dìde. Mo kígbe pé, "Òun náà ni! Arúgbó yẹn purọ́ fún mi! Ẹ fún mi lóògùn rẹ̀ kí n máa lọ!"

Ìyá náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni o ti pè é nílé?"

Mo jókòó.

Ó ní, "Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ okùn wọn gbọ́dọ̀ jọra. Oríkì orílẹ̀ kan náà ni gbogbo agbo ilé ń jẹ́. Ibi tí oríkì bá ti kan bàbá tó bí ọ gan-an ni a ti ń mọ̀ ọ́. Ọmọ mi, máa pè é lọ."

Ọmọbìnrin náà ń pè é lọ. Nígbà tí wọ́n dé àárín okùn, ti ìgò ní ewé, ti Ife ní dúdú. Ti ìgò ní funfun, ti Ife ní pupa. Ìyá Atúlẹ̀kẹ̀ fi okùn Ife sílẹ̀, ó bọ́ sí òmíràn, ó tún fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ti di ẹsẹ̀ àga mú. Nígbà tí ó dé èyí tó wà ní igun, ó tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan kò yàtọ̀. Ó ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Gbénúomi ni. Ọmọ inú omi àti inú ẹrẹ̀."

Omijé bọ́ lójú mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń bá ẹni tí n kò mọ̀ jà.

Ìyá náà ní oògùn Gbénúomi yàtọ̀. Mẹ́ta ni, a sì gbọdọ̀ lò wọ́n pọ̀. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ti mọ́, a ó ṣì máa lò ó fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà. Ó wá sọ ohun tí ó gún mi ju ìbọn lọ. Ó ní, "Gbénúomi kò dà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í ti ẹnu ènìyàn kan fò sí ti ẹlòmíràn báyẹn."

Ahéré ẹ̀yìnkùlé wá sí mi lọ́kàn. Igbá ilé wá sí mi lọ́kàn.

Mo ní, "Ìyá, omi kan náà ni gbogbo wa ń mu. Kí ló dé tó fi jẹ́ àyà tirẹ̀ ni ó wọ̀?"

Ó ní, "Kí ni iṣẹ́ aya rẹ?"

"Ó ń yan ẹran tí mo bá pa."

"Níbo?"

"Nínú ilé ìyanran tí mo kọ́ fún un. N kò dá fèrèsé sí i, kí èéfín má baà ṣòfò."

"Ọdún mélòó?"

"Ogójì."

Kò bá mi wí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jọ. Kí ó bá mi wí ì bá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹran tí mo fi ń yangàn láàárín yín, ẹ̀yin ará Ìràwé, èémí Àwẹ̀ró ni ó fi yan wọ́n. Èmi ń gba oríkì, òun ń gba èéfín, ìgbà tí àyà rẹ̀ sì rẹ̀ tán ni Gbénúomi rí àyè jókòó.

Mo bi ìyá náà ní ohun tí mo máa fi san oore rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aya rẹ bá mọ́, tí oògùn sì tán, pe àwọn ará ìlú rẹ. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn ohun tí o ṣe, kí o má sì fi ẹran kankan kún un."

Nígbà tí mo ń bọ̀, Aláàrò-Lórí ti ń dúró dè mí. Kí ó tó yanu, mo ní, "Àbúrò tó gbé aṣọ ẹ̀gbọ́n wọ̀ ni! Ẹni tí a ṣi orúkọ rẹ̀ pè ni! Gbénúomi ni!" Ó mi orí ààrò rẹ̀, ó ní kí n máa kọjá, ó sì fa ìbọn mi yọ láàárín okúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹlẹ́gàn yìí ti ń fi í koná láti ọjọ́ tí mo ti lọ! Ohun tó wọ́ ọ lẹ́nu nìyẹn.

Mo délé, mo bá Àwẹ̀ró láàyè. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run tí kò jẹ́ kí n pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní gba orúkọ náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sunkún kí ó tó wá oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kiri fún wa. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo wó ahéré ẹ̀yìnkùlé. Mo dá ògiri ilé ìyanran lu, mo la fèrèsé ńlá mẹ́rin sí i. Mo bu omi sínú igbá ilé, mo gbé e tọ Àwẹ̀ró lọ lórí ìkúnlẹ̀.

Kò gbà á. Ó ní, "Baba Ọdẹ́lọlá, lójú gbogbo ayé lẹ fi yà mí kúrò nídìí igbá yẹn. Lójú gbogbo ayé náà lẹ ó fi dá mi padà síbẹ̀. Títí dìgbà náà, ife mi tó mi."

Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni ó fi lo oògùn náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, ẹ wò ó níbi tó jókòó sí yẹn, ó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Àwẹ̀ró ti mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, oògùn sì tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń jẹ iṣu mi.

Ẹ gbọ́ o. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mo pe ohun tí n kò mọ̀ lórúkọ, tí n kò sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́n jù mí lọ sọ̀rọ̀ tán. Èmi ni mo lé aya mi sẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo kọ́ ilé tí kò ní fèrèsé. Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, o ṣeun tí o kò tijú láti sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró, ọmọ àwọn aládé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ogójì ọdún èéfín. Mo dúpẹ́ pé o dúró dè mí. Lápàdé, òótọ́ lo sọ, ẹfọ̀n mẹ́rin ni. Àwẹ̀ró ló sì yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Mẹ́ta ni, Baba Ọdẹ́lọlá. Ọ̀kan ti kú kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tó wí! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ẹ wo òun náà bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ tẹ́tí. Ẹ rántí pé tẹ́lẹ̀, bí ó bá rẹ́rìn-ín báyìí, ikọ́ ni yóò tẹ̀ lé e, tí a ó máa di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ẹ gbọ́ bó ṣe rẹ́rìn-ín tán.

Kò wúkọ́.

Lápàdé, bá mi gbé igbá ilé wá. Ẹ má bẹ̀rù, a ti se omi rẹ̀. Àwẹ̀ró, gbà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ mu ún. Ó tó, ó tó, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ibi tí ẹnu rẹ kàn ni mo fẹ́ kí ẹnu mi kàn. Háà. Omi tutù. Lápàdé, ìwọ ló kàn. Kí ẹni tó bá mu tán gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀, kí igbá yìí yí gbogbo Ìràwé ká kí ó tó padà sórí ìkòkò. Ẹnu mi ti gbẹ láti àárọ̀, ìtàn mi sì ti tán.